Ẹni Tó Ní Ká Má Wá, Owó Rẹ̀ Dà?

Ní sáà tó kọjá, ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká gbéra lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wa nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá tó yẹ kó mú wa yíká àwọn òkè agbègbè Obbo-Ilé ló ń pè. Kò fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ má wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn." Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí ipa ọ̀kadà lójú ọ̀nà oko kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbé ọ̀kadà gbà, àwọn obìnrin tó máa ń lọ ṣa igi ìdáná níbẹ̀ sì ti dẹ́kun lílọ láti ọjọ́ méjì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp kíláàsì wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èébú ti pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Awakọ̀ ti gba àsansílẹ̀, ó sì ní òun kò ní dá a padà. A ti tẹ bánà. Ẹnìkan kọ ọ́ pé bóyá bàbá ti rí àwọn mìíràn tó máa san owó tó ju tiwa lọ. Níkẹyìn, a kò lọ. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá, kò sì sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tí à bá gbà. Dípò kí àwọn ènìyàn dúpẹ́, ńṣe ni ìbínú tún pọ̀ sí i. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Bàbá yẹn kàn purọ́ fún wa ni."

Èrò tèmi rèé, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín ló máa gbà á: nínú gbogbo iṣẹ́ tí bàbá yẹn ti ṣe fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, ìpè ọjọ́ náà ló níye lórí jùlọ, kọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni a kò sì san fún un. Ó yẹ ká sanwó rẹ̀. Ó sì yẹ ká sọ ọ́ di òfin.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ Obbo-Ilé ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti, ìpínlẹ̀ Kwárà. Ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọdún Kérésìmesì àti ìsìnkú ló máa ń gbé mi délé. Nígbà tí a wà ní ọdún kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, mo gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A há bọ́ọ̀sì, a sì tẹ̀lé àwòrán ilẹ̀ orí fóònù. Nígbà tí a kọjá Òsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ọ̀nà tí fóònù ti yàn fún wa tẹ́lẹ̀ já sí àárín oko ẹ̀gẹ́, ó sì parí síbẹ̀. Ọmọ ìlú ni mí, àmọ́ àlejò ni mí lójú ọ̀nà oko. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀.

Bàbá kan tó ń bọ̀ láti oko rẹ̀ ló bá wa níbi tí awakọ̀ ti ń fi wá bú. Ó bi wá pé ọmọ ta ni wá. Mo dárúkọ bàbá bàbá mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi àdá rẹ̀ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ó wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì di afinimọ̀nà wa títí tí oòrùn fi wọ̀.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa ní kíláàsì. Kí a tó gun òkè kankan, bàbá mú wa yà sí agbo ilé tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ká kí wọn. A rò pé àṣà lásán ni. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ ló ṣàlàyé: bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò tíì padà, àwọn tí a kí yẹn ni yóò wá wa. Ó fi ibi tí àpáta ti máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀ hàn wá. Ó fi àwọn ihò róbótó hàn wá lára àpáta, níbi tí àwọn tó gbé orí òkè náà nígbà ogun ti lọ ata àti ọkà. Èmi ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo rò pé omi òjò ló gbẹ́ ẹ.

Agbègbè yìí kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń gbà kọjá lọ sí ibòmíràn. Òsì ni ìlú Àrẹógún, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, tó kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, nígbà tí Fadá Kevin Carroll ń darí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère fún ìjọ Àgùdà. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Odò-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero tí Ìlọ́fà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ìlú Bámigbóyè. Láti 2022 sí 2023, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá lórí iṣẹ́ ọwọ́ Bámigbóyè yìí. Odò-Ọwá kan náà ni àpáta Imoleboja wà, àpáta tó nà jáde bí òrùlé tí ènìyàn fi lè wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa kà nípa ère Ẹ̀pà fún ìdánwò: orí tó dà bí ìkòkò nísàlẹ̀, jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ lókè, tí àwọn mìíràn wúwo ju kílò 20 lọ. Bàbá béèrè lọ́wọ́ wa pé ibo ni ẹni tó gbé e ti ń ríran. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ó ní ẹnu ère ni, ìba ni ohun tó sì ń rí. Àwọn tó ń bá a rìn ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Nínú gbogbo àfihàn ère tí ẹ lè lọ wò, àwọn tó ń bá a rìn yẹn kì í sí níbẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ padà, a dá owó jọ fún bàbá. Ó jẹ́ ₦2,000. Bánà tí a kọ orúkọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa sí, tí a nà fún fọ́tò kan péré, gba ₦15,000. Mo kọ iye méjèèjì sílẹ̀ nígbà náà nítorí èmi ni akápò, n kò sì rí i bí ohun ìtìjú. Ní ìparí ìròyìn tí a kọ fún olùkọ́ wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka, lọ́wọ́ awakọ̀. A kò dárúkọ bàbá.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ìpè orí fóònù. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn kò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí ipa ọ̀kadà fi lè da ọkàn ará Ekiti ní Kwárà rú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Olukoro ti Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, wọ́n sì pa ọba. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba kéde pé àwọn 38 ti gba òmìnira. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Koro, Eruku àti Obbo-Ilé wà. Ìròyìn nìwọ̀nyí jẹ́ fún àwa tó wà ní ọgbà yunifásítì. Ìṣirò òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ́ fún bàbá: ṣé n ó lọ sí oko lónìí, ọ̀nà wo ni n ó gbà, ta ni n ó sọ fún?

Ìṣirò yìí gan-an ni ohun tí afinimọ̀nà ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa rò pé ìrìn ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀ pé ọjà ọ̀sẹ̀ yìí kò kún bó ṣe yẹ, pé ajá ń gbó lápá ibi tí kò sí ilé, pé àwọn àgbẹ̀ ń tètè wọlé. Fóònù kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ibòmíràn kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí bàbá bá wá fi ìmọ̀ yìí sọ pé "ẹ má wá", iṣẹ́ ló ṣe yẹn. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ náà bá yọrí sí rere, kò sí ohun tí ojú máa rí. A kò lọ, a kò rí ewu, a sì wá sọ pé ewu kò sí. Ẹ rántí pé òun náà pàdánù: owó tí ì bá gbà lọ́wọ́ wa, àti ti ìyàwó rẹ̀ tó ti ra èlò oúnjẹ tó fẹ́ sè fún wa. Ta ló máa ń parọ́ tí yóò ná an lówó?

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ibì kan tó jìnnà sí wa, àmọ́ tí wàhálà rẹ̀ jọ tiwa. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní ìpínlẹ̀ Chihuahua, àwọn odò ti gbẹ́ ilẹ̀ di àwọn ọ̀gbun tó jìn dé ibi pé ọ̀kan nínú wọn, ti Urique, ju mítà 1,800 lọ. Barrancas del Cobre ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Àwọn Rarámuri, tí ayé mọ̀ sí àwọn tó lè sáré ọ̀nà jíjìn láìsinmi, ló ni ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 1961 ń gbé àwọn àlejò gba etí ọ̀gbun kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọmọ ibẹ̀ tí yóò mú un lọ. Àwọn ọ̀daràn tó ń ṣòwò oògùn olóró náà sì fẹ́ràn ibi tó fara sin. Ní 2015, àwọn olùṣètò eré ìje ńlá kan tó ń kó àlejò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá sí Urique fagi lé e nígbà tí àwọn sárésáré ti dé, torí ìbọn ń dún lágbègbè náà. "Ẹ má sá a" ni tiwọn.

Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2022, ní ìlú kékeré Cerocahui, afinimọ̀nà kan tó ń jẹ́ Pedro Palma sá di inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pa á, wọ́n sì pa àlùfáà méjì tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Javier Campos àti Joaquín Mora. Ayé gbọ́, Póòpù pàápàá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé e: "àlùfáà méjì àti ẹnìkan." Afinimọ̀nà ló ń kẹ́yìn, bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ṣe fi bàbá sẹ́yìn nínú ìròyìn tiwa. Àlejò tó bá rí ewu lè wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé rẹ̀. Ibi tí ewu wà gan-an ni ilé afinimọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nítòsí wa ní Màlì. Òkè Bandiagara, níbi tí àwọn Dogon kọ́ ilé wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta, ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti 1989. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi iṣẹ́ afinimọ̀nà jẹun. Láti ìgbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2012, àlejò wọ́n, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ń san owó fún wọn pé wọ́n ṣì ń gbé ibẹ̀, pé wọ́n ṣì mọ ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Àkọ́kọ́ ni pé, "Ẹ yé lọ síbẹ̀ títí ìjọba yóò fi tún ìlú ṣe." Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, àwọn òbí mi náà wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gé okùn tó wà láàárín àwa àti àwọn ará òkè, ta ni yóò pè wá lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dára? Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lọ mọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀ mọ́, ni àwọn ajínigbé fẹ́.

Èkejì ni pé, "Ẹ mú ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá dání." Ó dára, ẹ mú wọn. Àmọ́ ẹni tó mọ ìbọn lè má mọ ọ̀nà oko, òun náà yóò béèrè lọ́wọ́ bàbá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbé ìbọn yóò gba owó ìrìn-àjò rẹ̀ láì sí àríyànjiyàn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó le jù láti dá lóhùn: "Bí a bá ń sanwó fún 'ẹ má wá', ṣé gbogbo wọn kò ní máa sọ pé ká má wá?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé ká san gbogbo owó. Ká san ìdajì. Ẹni tó bá ní ká máa bọ̀ yóò gba gbogbo rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò ta oúnjẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ta omi. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò máa lé ọjà padà torí ìdajì owó. Ìdajì yẹn wà kó má baà jẹ́ pé ebi ni yóò pinnu fún un. Ẹ wo ọ̀nà kejì: bó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá dé nìkan ló máa rí owó, ńṣe ni a ń fi owó bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́ nípa ipa ọ̀kadà tó rí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń gbé wá síwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa.

Èkíní, kí owó afinimọ̀nà wà nínú ètò ìnáwó gbogbo ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, kí ó ṣáájú ti bánà àti ti ẹ̀wù, kí a sì bá a dúnàádúrà tẹ́lẹ̀ bí a ṣe ń bá awakọ̀ ṣe. Kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe "ẹ fi ra ọbẹ̀, bàbá". Owó iṣẹ́ ni.

Èkejì, kí a san ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, kí a má sì gbà á padà bó bá sọ pé ká má wá. Bó bá ti sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìbò kíláàsì kọ́, WhatsApp kọ́. Awakọ̀ tó bá máa bá wa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó gba àsansílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìròyìn wa, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tó kọ́ wa. A ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ìwé lórí Ẹ̀pà, àmọ́ ẹni tó sọ ibi tí ojú Ẹ̀pà wà fún wa kò ní orúkọ. Bó bá sì ní òun kò fẹ́ kí orúkọ òun jáde nítorí ààbò, kí a gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kò pọ̀. Lọ́dọọdún ni ẹ máa ń bi wá pé kí la nílò. Ẹ ti bá wa ra àga, ẹ ti bá wa kun ògiri. Ẹ bá wa dá àpò kékeré kan sílẹ̀ fún ìdajì owó yìí, kó má baà jẹ́ pé inú owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó ti máa yọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní ipò ìjọba, mo mọ̀ pé ẹ ń kà wá: Imoleboja wà nínú àkọsílẹ̀ ibi ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ Kwárà, bẹ́ẹ̀ náà ni omi Owu ní Ọ̀wá-Kájọlà, tó ń já láti nǹkan bíi mítà 120 sókè. Ẹ fi orúkọ àwọn tó lè mú ènìyàn dé ibẹ̀ kún àkọsílẹ̀ náà ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí ẹnìkan yóò gbé bí wọ́n bá pè, kí ẹ tó tún tẹ àwòrán omi mìíràn sórí kàlẹ́ńdà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo fi ìdajì owó tí a bá bàbá sọ ránṣẹ́ sí i láti inú àpò mi. Ó pè mí, ó ní báǹkì ti ṣàṣìṣe, owó àjèjì kan ti wọlé. Mo ní rárá o, owó ìpè yẹn ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé inú ṣì ń bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún wọn pé òun ṣì ń wo ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó, kó wá. Ní tèmi, bó bá ní ká máa bọ̀, a ó lọ. Bó bá ní ká má wá, a ó dúró, a ó sì sanwó.